Ìwé Ilẹ̀ Gbọ́dọ̀ Jẹ́ Ìwé Tí Onílẹ̀ Lè Kà

Bí ilẹ̀ bá ṣú ní Sokodé, tí iná tàn ní ìsọ̀ àwọn aránṣọ àti ní ẹnu ọ̀nà mọ́ṣáláṣí, ìwọ̀nba ènìyàn ló ń bi ara rẹ̀ léèrè ibi tí iná náà ti wá. Apá kan rẹ̀ ti ara omi wá: láti ìsédò Nangbéto lórí odò Mono, tí wọ́n ṣí ní ọdún 1987, àti láti Akosombo ní ilẹ̀ Gánà. Apá kan ti ara oòrùn wá, láti Blitta, níbi tí ilé-iṣẹ́ iná oòrùn ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ọdún 2021. Apá mìíràn sì ti ara gáàsì wá. Wọ́n ń sun gáàsì yìí ní Lomé láti fi yí ẹ̀rọ, ẹ̀rọ a sì mú iná mànàmáná jáde.

Gáàsì náà kì í ṣe ti Tógò. Abẹ́ ilẹ̀ Nàìjíríà ni wọ́n ti ń fà á. Kí ó tó wọ inú òkun, kí ó tó dé Lomé, ó gba inú oko àwọn àgbẹ̀ tó ń sọ èdè tí a fi kọ ojú-ewé yìí. Ohun tó ṣẹlẹ̀ sí àwọn àgbẹ̀ wọ̀nyẹn kan àwọn ará Kambolé àti Tchamba gbọ̀ngbọ̀n.

Ó yẹ kí a kọ́kọ́ mọ ohun tí à ń sọ. Gáàsì àdánidá jẹ́ afẹ́fẹ́ tó ń jó. Ó sá pamọ́ sínú ihò wẹ́wẹ́ inú àpáta, ní ìsàlẹ̀ ilẹ̀, lọ́pọ̀ ìgbà níbi kan náà pẹ̀lú epo rọ̀bì. Ilé-iṣẹ́ tó bá fẹ́ ẹ a fi irin lu ilẹ̀ títí yóò fi kan àpáta náà. Kànga bẹ́ẹ̀ lè jìn tó kìlómítà méjì, mẹ́ta, tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Bí irin bá ti kàn án, gáàsì a fi agbára ru sókè, iṣẹ́ àwọn tó gbẹ́ kànga sì ni láti dè é mọ́lẹ̀, kí ó má bàa já. Nígbà mìíràn ó ń já. Ní ọjọ́ 16 oṣù kìíní ọdún 2012, gáàsì bú gbàmù mọ́ àwọn tó ń gbẹ́ kànga fún ilé-iṣẹ́ Chevron ní pápá Funiwa, lójú òkun ìpínlẹ̀ Bayelsa ní Nàìjíríà. Òṣìṣẹ́ méjì bá a lọ. Iná náà sì jó ju oṣù kan lọ lórí omi kí ó tó kú.

(Gáàsì yìí yàtọ̀ sí èyí tí àwọn ìyàwó ilé ń rà nínú ìgò. Ti inú ìgò jẹ́ gáàsì tí wọ́n fún pọ̀ títí ó fi di omi, ọkọ̀ ló sì ń gbé e kiri. Ti inú ọ̀pá kò dé ilé ìdáná kankan ní Sokodé. Gẹ́gẹ́ bí iná mànàmáná nìkan ló fi ń dé ibẹ̀.)

Fún ọ̀pọ̀ ọdún, àwọn ilé-iṣẹ́ tó ń wa epo ní ẹkùn Niger Delta kàn ń dáná sun gáàsì tó bá epo jáde, nítorí pé epo ni wọ́n fẹ́, wọn kò sì rí ibi gbé gáàsì sí. Àwọn abúlé wà níbẹ̀ tí òru wọn kì í ṣókùnkùn, nítorí ọwọ́ iná tó ń jó tọ̀sán-tòru lẹ́bàá ilé wọn, bẹ́ẹ̀ ni kò sí gílóòbù kan tó ń tàn nínú iyàrá. Nígbà tí àwọn ìjọba bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀ nípa ọ̀pá tí yóò gbé gáàsì náà lọ fún àwọn aládùúgbò, ọ̀kan nínú ohun tí wọ́n fi polówó rẹ̀ ni pé iná àfiṣòfò yìí yóò dínkù.

Ní ọdún 2003, Nàìjíríà, Bẹ̀nẹ̀, Tógò àti Gánà fọwọ́ sí àdéhùn ọ̀pá náà. Gígùn rẹ̀ jẹ́ kìlómítà 678, púpọ̀ nínú rẹ̀ sì wà lábẹ́ òkun. Ó ya sí Cotonou, ó ya sí Lomé, ó ya sí Tema, ó sì parí sí Takoradi. Ilé-iṣẹ́ tó ni ín, tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ WAPCo, jẹ́ ti ọ̀pọ̀ olówó. Chevron ló ní ìpín tó tóbi jù, tó nǹkan bí 37 nínú 100. Ilé-iṣẹ́ epo ìjọba Nàìjíríà tẹ̀ lé e, lẹ́yìn náà Shell, lẹ́yìn náà Gánà. Ìpín Tógò jẹ́ 2 nínú 100, ti Bẹ̀nẹ̀ náà jẹ́ 2. Ẹni tó bá mọ bí wọ́n ti ń pín ẹran màlúù mọ ibi tí ẹni tó ní ìpín méjì nínú ọgọ́rùn-ún yóò dúró sí.

Ní ọdún 2010, wọ́n ṣí ilé-iṣẹ́ iná kan ní Lomé tí agbára rẹ̀ tó mẹ́gáwáàtì 100, tó lè sun gáàsì, tó sì lè sun epo bí gáàsì bá wọ́n. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ má tíì pé ọdún méjì tí wọ́n fi rí ìdí tí ó fi yẹ kí ó lè sun nǹkan méjì. Ní oṣù kẹjọ ọdún 2012, àwọn olè ojú omi gbìyànjú láti gba ọkọ̀ elépo kan lẹ́bàá Lomé. Nínú ìjà náà, ìdákọ̀ró ọkọ̀ wọ́ lọ nísàlẹ̀ omi, ó sì já ọ̀pá gáàsì. Ó lé ní oṣù mẹ́wàá kí gáàsì tó padà máa ṣàn. Ìdákọ̀ró kan ṣoṣo ló fa gbogbo èyí. Epo tí wọ́n ń sun dípò gáàsì wọ́n ju gáàsì lọ, kò sì sí ẹlòmíràn tí ń san irú owó bẹ́ẹ̀ ní ìkẹyìn ju aráàlú lọ.

Ṣùgbọ́n ibi tí ọ̀rọ̀ náà ti wúwo jù kì í ṣe lábẹ́ òkun. Orí ilẹ̀ ni.

Ní ìpínlẹ̀ Ògùn, ní ibi tí wọ́n ń pè ní Ìtokí, ni ọ̀pá náà ti bẹ̀rẹ̀. Níbẹ̀ ló ti so mọ́ ọ̀pá àtijọ́ tó ń gbé gáàsì bọ̀ láti Escravos, ní ẹkùn Niger Delta. Láti Ìtokí, ó rin nǹkan bí kìlómítà 56 lórí ilẹ̀ kí ó tó wọ òkun ní agbègbè Badagry. Ilẹ̀ tí wọ́n gbà fún un fẹ̀ tó mítà 25. Mítà 25 lè dà bí ohun kékeré létí ẹni tó ń gbé ìlú ńlá. Àgbẹ̀ tí oko rẹ̀ kò fẹ̀ ju mítà 50 mọ̀ pé ìdajì oko ni. Ẹnikẹ́ni kò sì gbọdọ̀ gbin igi tàbí kọ́lé sórí ọ̀nà ọ̀pá gáàsì mọ́.

Wọ́n san owó fún àwọn onílẹ̀ àti fún àwọn tó ní irè lórí ilẹ̀ náà. Lẹ́yìn náà, àwọn tó gba owó bẹ̀rẹ̀ sí í ṣírò. Ní oṣù kẹrin ọdún 2006, ẹgbẹ́ kan tí àwọn ará ìlú tí ọ̀pá gba ilẹ̀ wọn kọjá dá sílẹ̀ kọ ìwé ẹ̀sùn. Ìlú méjìlá ló dúró lẹ́yìn ìwé náà. Ìfẹ́sowápọ̀ ni wọ́n sọ ẹgbẹ́ wọn, orúkọ tí kò nílò ìtumọ̀ fún òǹkàwé ojú-ewé yìí.

Ibi tí wọ́n kọ ìwé náà sí ló yẹ kí a kíyè sí. Wọ́n kọ ọ́ sí Ìgbìmọ̀ Olùbẹ̀wò ti Báńkì Àgbáyé, ní Washington. Kí ló mú wọn lọ jìnnà tó bẹ́ẹ̀? Báńkì Àgbáyé ló ṣe onídùúró fún iṣẹ́ náà. Bí Gánà kò bá lè san owó tó yẹ kí ó san, Báńkì náà yóò san tó mílíọ̀nù 50 dọ́là dípò rẹ̀. Níbi gbogbo ní ilẹ̀ Yorùbá, ẹni tó bá ṣe onídùúró ti fi ẹsẹ̀ kan sínú ọ̀rọ̀, ó sì ní ẹjọ́ í dáhùn bí ọ̀rọ̀ náà bá dàrú. Àwọn ará Ìfẹ́sowápọ̀ mọ èyí. Ẹnìkan ti ka ìwé dé ibi tí wọ́n kọ orúkọ onídùúró sí, ẹgbẹ́ kan tó ń jà fún àyíká ní Nàìjíríà sì ràn wọ́n lọ́wọ́ láti fi ìwé wọn ránṣẹ́.

Wọ́n ní owó tí wọ́n san fún ilẹ̀ àti fún irè oko kò tó. Wọ́n ní kò sí ẹni tó ṣàlàyé iṣẹ́ náà fún àwọn bó ti yẹ. Wọ́n ní ọkàn àwọn kò balẹ̀ nípa ọ̀pá àtijọ́ tí gáàsì yóò máa gbà bọ̀, wọn kò sì gbà pé iná àfiṣòfò ní ẹkùn Niger Delta yóò dínkù bí wọ́n ti polówó rẹ̀.

Ìgbìmọ̀ náà rán ènìyàn wá. Wọ́n bá àwọn àgbẹ̀ sọ̀rọ̀, wọ́n sì yẹ ìwé owó wò. Ní oṣù kẹrin ọdún 2008, ìròyìn wọn jáde. Kì í ṣe gbogbo ohun tí Ìfẹ́sowápọ̀ sọ ni ìgbìmọ̀ gbà, ṣùgbọ́n ó gba èyí tó ṣe pàtàkì jù: owó náà kò tó. Ó tún ní àwọn tó ṣètò iṣẹ́ náà kò ṣèwádìí tó nípa bí àwọn ìdílé náà ti ń jẹun kí wọ́n tó gba ilẹ̀ lọ́wọ́ wọn, àti pé kò sí ọ̀nà tó gún régé tí ẹni tí wọ́n rẹ́ jẹ lè gbà fi ẹjọ́ sùn. Lẹ́yìn èyí, àfikún owó wọ inú ètò tí wọ́n fi ṣàtúnṣe.

Ọdún méjì gbáko ló wà láàárín ìwé ẹ̀sùn àti èsì rẹ̀. Ní agbègbè tí wọ́n ti ń gbin àgbàdo lẹ́ẹ̀mejì lọ́dún, ìkórè mẹ́rin nìyẹn.

Kò sí ẹni tó ń gbẹ́ kànga gáàsì ní Kambolé. Ṣùgbọ́n gáàsì nìkan kọ́ ni ìwé tí ń gba ilẹ̀ lọ́wọ́ àgbẹ̀ máa ń dá lé. Òpó iná gíga ń wá ilẹ̀. Títì ọlọ́dà ń wá ilẹ̀. Ilé-iṣẹ́ iná oòrùn ń wá ilẹ̀ tó tẹ́jú, tó sì gbòòrò, irú èyí tí ẹkùn Àárín Tógò ní dáadáa. Àwọn tó ń wa kùsà náà ń wá a. Gbogbo wọn máa ń bá ìwé wá, Faransé sì ni ìwé náà máa ń jẹ́. Kò sí ohun tó burú nínú iṣẹ́ wọ̀nyí fúnra wọn. Sokodé fẹ́ iná, Tchamba fẹ́ títì, kò sì sí òpó iná tó lè fò kọjá oko kankan láì fi ẹsẹ̀ kan ilẹ̀. Ohun tó wà nílẹ̀ ni bí ẹni tó ni ilẹ̀ yóò ṣe mọ ohun tí òun ń fọwọ́ sí.

Ẹ jẹ́ kí a mú igi kaṣú, tí ó pọ̀ ní agbègbè Tchamba, ṣe àpẹẹrẹ. Ká ní igi kan ń mú 4.000 fáráńsì CFA wọlé fún olówó rẹ̀ lọ́dún. Ká ní ilé-iṣẹ́ kan fẹ́ gé e, ó sì fi 12.000 lọ olówó igi. Ẹni tí kò tíì rí 12.000 lẹ́ẹ̀kan náà láti ìgbà tí ìkórè ti parí yóò yọ̀. Ṣùgbọ́n 12.000 jẹ́ owó ọdún mẹ́ta péré. Bí igi náà bá ṣì lè so fún ogún ọdún, 80.000 ló ń lọ. Bó bá sì gbin òmíràn síbòmíràn lọ́la, yóò dúró fún ọdún bíi mẹ́ta tàbí mẹ́rin kí ó tó rí èso gidi. Gbogbo ìṣírò yìí kò ju ìsọdipúpọ̀ àti ìyọkúrò lọ, irú èyí tí wọ́n ń kọ́ ní ọdún kìíní ẹ̀kọ́ àgbà. Àwọn tó ń fi àgbàlagbà tó ń lọ kẹ́kọ̀ọ́ lálẹ́ ṣe yẹ̀yẹ́, tí wọ́n ń bi í léèrè bóyá ó fẹ́ di mínísítà, kò tíì ronú dé ibi igi kaṣú.

Ọ̀rọ̀ àwọn obìnrin tún wà níbẹ̀. Nígbà tí wọ́n bá ń kọ orúkọ àwọn tó ni ilẹ̀, olórí ìdílé ni wọ́n ń kọ, ọkùnrin ni olórí ìdílé. Ṣùgbọ́n ta ní ń ṣa èso igi ẹ̀mí láti fi ṣe òrí? Ta ní ń ká èso igbá láti fi ṣe irú? Igi méjèèjì yìí kì í ṣe igi tí ènìyàn gbìn, nítorí náà ẹni tó ń ka igi oko lè fò wọ́n kọjá. Bí ọ̀nà òpó iná bá gbé wọn lọ, owó ọjà obìnrin kan ti lọ, orúkọ rẹ̀ kò sì sí nínú ìwé kankan. Bẹ́ẹ̀ náà ni ti àlejò tó tọrọ ilẹ̀ dáko, tó ti gbin iṣu síbẹ̀ fún ọdún mẹ́wàá. Ilẹ̀ kì í ṣe tirẹ̀, ṣùgbọ́n iṣu tirẹ̀ ni.

Òfin Tógò kò dákẹ́ lórí ọ̀rọ̀ yìí. Òfin àyíká ti ọdún 2008 ní kí ẹni tó fẹ́ ṣe iṣẹ́ ńlá tó lè pa àyíká lára kọ́kọ́ ṣèwádìí ohun tí iṣẹ́ náà yóò dá sílẹ̀. Ilé-iṣẹ́ ìjọba tí wọ́n ń pè ní ANGE ló ń bójú tó ìwádìí bẹ́ẹ̀. Òfin ilẹ̀ tuntun jáde ní oṣù kẹfà ọdún 2018. Bí ìjọba bá fẹ́ gba ilẹ̀ ẹnìkan fún àǹfààní gbogbo ìlú, owó ìtanràn gbọ́dọ̀ tọ́, ó sì gbọ́dọ̀ ṣáájú. Òfin dára. Faransé ló wà, ìwé ìwádìí sì lè nípọn tó bíbélì. Nígbà tí wọ́n bá pe ìpàdé, ẹnìkan a dìde, a sọ̀rọ̀ fún ìṣẹ́jú márùn-ún ní Tem tàbí ní Yorùbá lórí ohun tí wọ́n fi ọgọ́rùn-ún ojú-ewé kọ ní Faransé. Lẹ́yìn náà, ìwé ìbuwọ́lù a bẹ̀rẹ̀ sí í yí kiri, taǹpọ́ńnù yíǹkì a sì tẹ̀ lé e fún àwọn tí yóò fi àtàǹpàkò tẹ̀ ẹ́.

Èyí ló yẹ kí ó dópin. Kí ilé-iṣẹ́ yòówù tó bá wá gba ilẹ̀ ní agbègbè Tchamba tàbí Sokodé tó gba ìbuwọ́lù ẹnikẹ́ni, ó yẹ kí ó kọ́kọ́ fi ìwé ṣókí sílẹ̀ ní èdè tí àwọn ará ibẹ̀ ń kà: Yorùbá ní Kambolé, Akasselem ní Tchamba, Tem ní Sokodé.

Àwọn kan ń sọ pé èyí yóò fa iṣẹ́ sẹ́yìn, pé olówó tó ní sùúrù kò pọ̀, yóò sì kó owó rẹ̀ lọ síbòmíràn. Ìfẹ́sowápọ̀ ti dá wọn lóhùn. Ọ̀pá gáàsì náà kò fi àkókò díẹ̀ ṣàlàyé ọ̀rọ̀ ní ìbẹ̀rẹ̀, ó sì fi ọdún púpọ̀ dáhùn ẹjọ́ ní ìgbẹ̀yìn, níwájú Báńkì tó ṣe onídùúró fún un. Àwọn mìíràn ní ọ̀rọ̀ ẹ̀rọ kò ṣe é sọ ní Yorùbá. Ó ṣeé ṣe kí èyí jẹ́ òtítọ́ nípa inú ẹ̀rọ. Ṣùgbọ́n kò sí àgbẹ̀ tó ń béèrè inú ẹ̀rọ. Ó ń béèrè mítà mélòó, igi mélòó, èló, àti ọjọ́ wo. Àdéhùn ọdún 2003 fi hàn pé kì í ṣe agbára ni kò sí: orílẹ̀-èdè méjì tó ń fi Gẹ̀ẹ́sì ṣe ìjọba àti méjì tó ń fi Faransé ṣe é jókòó, wọ́n sì wá ògbufọ̀ títí gbogbo wọn fi gbọ́ ohun tí wọ́n ń fọwọ́ sí. Kò sí ààrẹ kan nínú wọn tó tẹ àtàǹpàkò sí ìwé tí kò gbọ́.

Àwọn kọ́múnù kò nílò òfin tuntun kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀. Mẹ́rì tí ilé-iṣẹ́ kan bá wá bá fún ìpàdé lè ní kí ó kọ́kọ́ mú ìwé ṣókí náà wá, ojú-ewé kan tàbí méjì, kí wọ́n lẹ̀ ẹ́ mọ́ ara ògiri kọ́múnù, ilé ọba àti ilé ẹ̀kọ́ àgbà fún oṣù kan kí ìpàdé tó wáyé. Olùkọ́ ẹ̀kọ́ àgbà lè fi í ṣe ìwé kíkà fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀, kí àwọn náà sì kà á sétí àwọn tí kò tíì mọ̀wé nílé. Kí ìwé náà sọ bí ilẹ̀ tí wọ́n fẹ́ gbà ti fẹ̀ tó, iye tí wọ́n yóò san lórí igi kọ̀ọ̀kan, igi ẹ̀mí àti igi igbá kò gbọdọ̀ gbẹ́yìn níbẹ̀, ọjọ́ tí owó yóò wọlé, orúkọ ẹni tó ṣe onídùúró fún iṣẹ́ náà, àti ibi tí ẹni tí kò tẹ́ lọ́rùn yóò kọ̀wé sí. Kí wọ́n sì fi lẹ́tà ńlá kọ ọ́, nítorí pé ọ̀pọ̀ àwọn tí ilẹ̀ wà lọ́wọ́ wọn ní agbègbè yìí ti dàgbà, lálẹ́ ni wọ́n sì ń rí àyè kàwé.